Orúkọ Tíṣà Nínú Gọ́tà

Láàrin èrò tó yí gọ́tà Àpáta ká láàárọ̀ Sátidé yẹn, ojú Ọpẹ́yẹmí ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti obìnrin kan tí kò mọ̀ rí. Obìnrin náà dúró ní òdìkejì gọ́tà. Ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ẹ̀wà lílọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n ní bí ojú àjèjì méjì bá pàdé láàrin èrò, ọkàn kan a fò. Ọkàn Ọpẹ́yẹmí fò lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe fún adùn. Ìbẹ̀rù ló rí lójú obìnrin yẹn, ìbẹ̀rù ẹni tó mọ nǹkan kan. Obìnrin náà wò ó, ó wo ìwé tí Dávídì fi igi gún jáde látinú gọ́tà, ó sì gbójú kúrò kíá bí ẹni tí epo gbígbóná ta sí lára.

"Ìkẹsàn-án rèé o!" Dávídì kígbe.

Dávídì ni alága ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó àdúgbò. Ó wọ bàtà òjò dé orúnkún, ó ń fi igi tó kan ìṣó mọ́ lẹ́nu gún ìwé jáde látinú omi dúdú, ó sì ń gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

"Ẹ jẹ́ n kà á fún yín. 'Ọlágòkè, Ilé Kẹrìnlá, Àpáta.' Orúkọ kan náà! Ìwé mẹ́sàn-án, orúkọ kan!"

"Sùbùhánálàhì!" Ìyá Mujeebat, obìnrin Ìlọrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Tíṣà kẹ̀?"

"Tíṣà tó kọ òfin gan-an?"

"Háábà! Ta la wá fẹ́ gbà gbọ́?"

Ṣe ni etí Ọpẹ́yẹmí ń hó bí ẹni tí wọ́n gbá ní ìfọ́tí. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú súẹ́tà aláwọ̀ eérú tó máa ń wọ̀ bí ọyẹ́ bá ti dé, kò mira. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Ọlágòkè, ọmọ Èkìtì tí iṣẹ́ gbé wá sí Jọ́ọ̀sì tí kò padà mọ́. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ló ń kọ orúkọ sí: garawa, àpótí ìjókòó, ọwọ́ ìgbálẹ̀, ìdí ìkòkò, títí dé orí ìwé tí kò wúlò mọ́. A máa sọ pé, "Ohun tí kò lórúkọ, olè ló ni ín."

Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri bóhòlù ní oṣù keje. Àpò funfun, ìwé àti páálí. Àpò búlúù, ike àti ọ̀rá, kí ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́. Àpò dúdú, èérí oúnjẹ. Sátidé ni kí gbogbo ilé gbé e síta, ìgbìmọ̀ á kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di nǹkan tuntun.

"Bàbá," Dávídì sọ, kò fi ẹ̀rín sí i, "ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ ka ìkẹrin rẹ̀ fún wa."

Ọlágòkè kò nílò ìwé. "'Ilé tí a bá rí orúkọ rẹ̀ nínú gọ́tà,'" ó ní, "'kò gbọdọ̀ pọnmi ní bóhòlù fún ọgbọ̀n ọjọ́.'"

"Ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Aago márùn-ún la ó ṣí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ní àwíjàre, kó mú ẹ̀rí wá síbẹ̀."

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀," Ọpẹ́yẹmí fi ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ. "Ẹ sọ fún wọn pé àwa kọ́."

Ọkùnrin yìí ti bá pásítọ̀ jiyàn rí lórí pẹpẹ nítorí ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo. Lónìí, ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyà súẹ́tà rẹ̀, níbi tí àpò inú wà, ó yíjú, ó sì forí lé ilé.

Nílé, Fúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ kí wọ́n tó dé. Ọ̀rọ̀ Àpáta kì í wọ bàtà kó tó rìn. Ó dúró ti ọpọ́n ńlá méjì tí jéró kún, jéró tó ti rẹ láti àná. Kùnú tí wọ́n máa mu níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀la ni. Jéró yẹn gbọ́dọ̀ di fífọ̀ àti lílọ̀ lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti kan bí ọtí. Omi tó ṣẹ́kù nínú ilé kò kún garawa kan. Ẹ̀rọ ìjọba sì rèé, láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń pọ̀ jáde.

"Bàbá Ọpẹ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹ dúró, ẹ ò fọhùn?"

"Òfin ni òfin, Fúnkẹ́."

"Òfin!" Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi hàn án. Ara ìka rẹ̀ ti bó. "Ẹ wo ọwọ́ mi. Ọ̀rá pomọ́, ọ̀rá súgà, ike epo, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mò ń fọ̀. Èmi tí mi ò rí omi wẹ̀! Ìwé ńkọ́? Ṣèbí èmi ni mo fa gbogbo ìwé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde lóṣù tó kọjá, tí mo dì í, tí mo kó o sí àpò funfun? Ta ló wá kó o sí gọ́tà?"

Ọlágòkè jókòó sórí àpótí tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìdí. Bó ṣe gbọ́ "abẹ́ bẹ́ẹ̀dì", ó gbé ojú sókè, ó tún gbé e wálẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ jẹ́ ká jẹun ná," ó ní.

"Kí lẹ fẹ́ jẹ? Ẹ jẹ òfin!"

Ọpẹ́yẹmí gbé ànàmọ́ sísè wá pẹ̀lú ata díndín. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àfi ife tíì tí Ọlágòkè gbé. Lórí ògiri tó là wọ́n láàrin, orí Ìyá Mujeebat yọ bí òṣùpá.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú, mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàn ní kí n bi yín: garawa yín tó wà lórí ìlà ní bóhòlù, ṣé kí n gbé tèmi síwájú ẹ̀?"

"Ẹ gbé e síwájú, Ìyá Mujeebat. Ẹ gbé e sórí pàápàá."

"Ah-ah! Èmi kọ́ ni mo sọ ìwé sí gọ́tà o." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ̀ ẹ́ tó. "Ẹni tó mọ Tíṣà mọ̀ pé kì í dákẹ́. Bó bá ti wá dákẹ́ yìí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Orí náà wọlẹ̀. Fúnkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Nígbà tí ẹ ń kọ òfin, mo ní kí ẹ yọ ti omi kúrò níbẹ̀. Mo ní, a kì í fi omi na ènìyàn. Ẹ ní ẹ̀yin mọ̀wé. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà." Ó rí Ọpẹ́yẹmí tó dúró lójú fèrèsé. "Ìwọ náà, kúrò níbẹ̀ yẹn! O dúró bí ẹni tó ń retí Julius láti oṣù kẹta."

Ife já bọ́ lọ́wọ́ Ọlágòkè. Tíì dà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tiẹ̀ ké.

Ọpẹ́yẹmí nu ilẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé ó ń retí. Nínú ìjà ló ti dí ọ̀nà fóònù mọ́ Julius Ọ̀pádọ̀tun, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, tó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ó bá fẹ́ òun tòótọ́, á fi ẹsẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, kò wá. Ó ti sunkún rẹ̀ tán, ó ku omijé kan tó kọ̀ tí kò jábọ́. Àmọ́ kì í ṣe ojú Julius ló wà níwájú rẹ̀ báyìí. Ojú obìnrin híjáàbù ewé yẹn ni. Kí ló dé tí ẹni tí kò mọ̀ mí rí á fi bẹ̀rù ojú mi?

Ó so gèlè, ó jáde.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Ní oríta tí wọ́n ń gbà lọ sí àdúgbò Ali Kazaure, lábẹ́ agboòrùn tó ya, obìnrin náà ń kó agbada tó fi ń dín kósáì, àkàrà àwọn Hausa, nílẹ̀. Hàúwà ni wọ́n ń pè é, kò tíì ju oṣù méjì lọ tó ti ń dín kósáì níbẹ̀. Bó ṣe rí Ọpẹ́yẹmí, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Sánnú, máì-kósáì," Ọpẹ́yẹmí kí i. Èdè Hausa ni wọ́n fi ń sọ ọ́, torí ọmọ Jọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì.

"Kósáì ti tán."

"Mi ò wá ra kósáì. Kí lo rí láàárọ̀ tó o fi sá fún mi?"

"Wàláì, mi ò sá." Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ wúkẹ́, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. "Ṣé wọ́n máa lé mi kúrò níbí? Mo lọ́mọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀wé. Mi ò mọ ohun tó wà lára ìwé. Mo kàn rà á ni."

"Ìwé wo?"

Hàúwà fa àpò kan jáde láti abẹ́ tábìlì. Ìdì ìwé ńlá ló wà nínú rẹ̀, gbígbẹ, mímọ́, tí wọ́n ti fa díẹ̀ yọ lórí rẹ̀ láti fi dì kósáì. Ọ̀já aṣọ ni wọ́n fi dì í. Ọpẹ́yẹmí mọ aṣọ yẹn. Ìró ìyá rẹ̀ àtijọ́ ni, òdòdó pupa lórí ilẹ̀ búlúù, tí ìyá rẹ̀ fà ya lójú òun láti fi di ìwé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó fọwọ́ kan ọ̀já náà.

"Níbo lo ti rà á?"

"Ní stọ́ọ̀ ìgbìmọ̀. Gbogbo wa la ń rà á níbẹ̀, èmi, onígúgúrú, ẹlẹ́pà. Ìdì ìdì ni wọ́n ń tà á. Èmi dì kósáì, ẹni tó rà á jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ó sọ ìwé sí gọ́tà. Láàárọ̀ tí wọ́n ń gbé e sókè, epo mi ni mo rí lára ẹ̀." Ó na ìwé kan sí i. "Gbà, fi nu ojú ẹ. O ń sunkún."

Ọpẹ́yẹmí gba ìwé náà. Epo ti mú igun rẹ̀ kan, òórùn àlùbọ́sà wà lára rẹ̀. Lókè, pẹ̀lú bíírò pupa: *Ọlágòkè, Ilé Kẹrìnlá, Àpáta.* Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mìíràn, tó wọ́ díẹ̀ sọ́tùn-ún.

*Ọpẹ́ mi,*

Ọwọ́ ìkọ̀wé Julius ni.

*Mo kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí Bàbá ẹ ní ẹni tí kò lè fi Yorùbá kọ lẹ́tà kò lè fẹ́ ọmọ òun. O dí ọ̀nà fóònù mọ́ mi, o jàre. Wàláì mo ṣẹ̀ ọ́.* Bíírò pupa yí "wàláì" po. *Mo wá sílé yín lẹ́ẹ̀mejì, o ò sí ńlé, mo fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ Àkúrẹ́. Mi ò wá ẹlòmíràn, mi ò ní wá. Mo máa dúró dè ẹ́ títí di*

Ibẹ̀ ni ìwé tán. Ojú-ìwé kejì kò sí. Ní ìsàlẹ̀, pupa, tí wọ́n fi ìlà méjì sí nídìí: mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Hàúwà bi í. "Ṣé ó burú ni?"

Ọpẹ́yẹmí tún wo bíírò pupa yẹn. Ó wá yé e báyìí ìdí tí bàbá òun fi dákẹ́. Bí ó bá jiyàn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á tú gbogbo ìwé náà síta, lójú Ọpẹ́yẹmí. Ó yàn kí òùngbẹ gbẹ gbogbo ilé ju kí ọmọ rẹ̀ rí ìwé kan yìí lọ.

Ó ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ àtẹ́lẹwọ́. "Dìde, Hàúwà. Ẹ̀rí ni wọ́n ní ká mú wá."

"Wọ́n á lé mi!"

"Ṣé o jí i ni?"

Hàúwà ronú sí i. Ó bú sẹ́rìn-ín kékeré kan tó dà bí ẹkún, ó gbé ìdì ìwé náà lé orí.

Ní aago márùn-ún, ìlà garawa ti gùn láti bóhòlù dé ìdí àpáta. Fúnkẹ́ wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn garawa rẹ̀ bí ẹni tó dúró ti òkú. Ọlágòkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà súẹ́tà. Dávídì di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ mú.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀. Ẹ gbé garawa yín kúrò."

"Ẹ dúró," Ọpẹ́yẹmí sọ.

Hàúwà sọ ìdì náà kalẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Fúnkẹ́ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sórí ọ̀já. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó sì pariwo tí àwọn ẹyẹ fi fò kúrò lórí igi.

"Ìró mi! Ìró tí mo fi di ìwé sínú àpò funfun! Dávídì, báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ oníkósáì?"

"Mo rà á ní stọ́ọ̀ yín," Hàúwà sọ fún Dávídì. "Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Dávídì wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn wà lára rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní níkẹyìn. "Ọkọ̀ tó yẹ kó máa wá gbé e, kò wá."

"Kò wá nígbà wo?" Ìyá Mujeebat bi í.

"Kò wá rí."

"Láti oṣù keje?"

"Stọ́ọ̀ kún. Mo ní ká má fi ìwé ṣòfò..."

"Ike wa ńkọ́? Ọ̀rá tí a ń fọ̀?"

Dávídì fi ojú tọ́ka sí ẹ̀yìn àpáta, níbi tí èéfín máa ń ti rú láràárọ̀. Gbogbo wọn ló máa ń rí èéfín yẹn. Gbogbo wọn ló rò pé oko ni wọ́n ń sun.

"Ẹ da gbogbo ẹ̀ pọ̀?" Ohùn Fúnkẹ́ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi burú ju ariwo lọ. "Búlúù àti dúdú? Lójú kan náà? Omi tí mi ò rí wẹ̀ ni mo fi ń fọ ọ̀rá tí ẹ fẹ́ sun?"

Kò sí ẹni tó bú Dávídì. Ìyá kan kàn tutọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ pa á.

Dávídì wá nǹkan tó máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí ọwọ́ Ọpẹ́yẹmí tó dì. "Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ńkọ́? Ìwé ẹ̀rí ni òun náà. Mú un wá, ká ka gbogbo ẹ̀ síta." Ó na ọwọ́, ó di etí ìwé náà mú.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ọlágòkè ni. Ohùn tó fi ń dá kíláàsì lẹ́kun nígbà kan ló ti padà sí i lẹ́nu. Dávídì jọ̀wọ́ ìwé náà.

"Lẹ́tà ọmọ mi ni." Ó mí. "Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Láti oṣù kẹta. Mi ò fún un."

Ìyá Mujeebat la ẹnu, ó ní, "Tíṣà!" Fúnkẹ́ wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Lẹ́yìn náà ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Dávídì, ó ṣí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìyá Mujeebat ló fi ẹsẹ̀ ti garawa tirẹ̀ sẹ́yìn, tó gbé ti Fúnkẹ́ sábẹ́ omi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìdí garawa, ó ń dún gbààgbàà.

Ọpẹ́yẹmí kò wo omi. Ó dúró níwájú bàbá rẹ̀, ìwé olóòórùn àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní òun máa dúró dè mí títí di," ó sọ. "Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

Ọlágòkè tú bọ́tìnì súẹ́tà rẹ̀. Bọ́tìnì kejì kò fẹ́ tú. Láti inú àpò àyà, ó fa ojú-ìwé kejì lẹ́tà náà jáde, tí wọ́n ká sí mẹ́rin, tí ìká rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya nítorí kíká àti títú. Kò sí bíírò pupa lára rẹ̀. Ọpẹ́yẹmí wo òkè rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé kẹrìnlá, garawa, àpótí, ìgbálẹ̀, ìkòkò, ìwé yìí nìkan ni kò ní orúkọ Ọlágòkè.

"Gbà," bàbá rẹ̀ ní. "Tìẹ ni."

Ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.